Ẹni Tí Ó Ṣubú Níwájú Ilé Ayàwòrán

Ọlọ́run tí ó fi mí sílẹ̀ di òní ni mo kọ́kọ́ kí, kí n tó kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́. Òun nìkan ló mọ ìdí tí ó fi fi mí sílẹ̀. N kò bi í rí.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin náà wá. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo Festac débi pé ewé máńgòrò iwájú ilé wa ń dún bíi bébà. Mo jókòó ní pálọ̀, Sáàmù wà lórí itan mi, ọmọ mi obìnrin, Ẹ̀bùnlọlá, ń rẹ́ ilá ní kíṣìnnì. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Ẹ̀bùnlọlá ń sọ pé, "Ẹ káàsán mà. Ẹ wọlé. Bàbá wà ńlé, níbo ni wọ́n tún ń lọ?"

Obìnrin tí ó wọlé ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, bíi ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa.

"Árít lorúkọ mi, sà. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ́sítéètì Amúwo níbí ni mo ń gbé, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọmọ Kàlàbá ni mí, ṣùgbọ́n ẹ má wo ti Kàlàbá, Èkó ti jẹ mí tán."

Ẹ̀bùnlọlá rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Wùnmí tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe yín," ni ó wí. "Wọ́n ní ẹ ṣe sójà nígbà ogun. Wọ́n ní ẹ wà lára àwọn tó gba Kàlàbá."

"Mo wà níbẹ̀," ni mo dáhùn.

"Sà, òkú kan ni mò ń wá. Òkú sójà. Ọmọ Yorùbá ni. Àwọn aládùúgbò gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń fi Yorùbá ké lé e lórí. Níwájú ilé wa ló ṣubú sí, lóṣù kẹwàá ọdún 1967. Bàbá mi ló pa á."

Ó fa fọ́tò kan yọ nínú báàgì, ó nà án sí mi. Dúdú àti funfun ni. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan dúró níwájú sítúdíò, ó da tọ́wẹ́ẹ̀lì funfun lé èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó ń ya fọ́tò náà.

Èmi ni mo ya fọ́tò náà.

"Ẹ wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín," ni Árít wí. "Ṣé ẹni tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn? Ṣùgbọ́n ó ní ìbọn ọdẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sójà ń bọ̀, ó yìn ín, sójà ṣubú, àwọn yòókù sì pa òun náà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, a ò fi òkúta kankan lé e lórí. Màmá wa kọ̀. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣe ibojì lọ́ṣọ̀ọ́ fún un títí a ó fi rí ìyá ọmọ yẹn, ká bẹ̀ ẹ́. Màmá kú lọ́dún tó kọjá, ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn."

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"A ti ra òkúta, sà. Dennis tó ń gbẹ́ ẹ, lẹ́yìn Trade Fair, ti kọ orúkọ, ó ti kọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Ó wá ń bi mí pé kí lòun ó kọ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kó kọ ‘Olúwa, dárí ẹ̀jẹ̀ náà jì í.’ Sátidé yìí la ń gbé e lọ sílé. Mo ní kí Dennis ṣe sùúrù fún mi dọ̀la. Orúkọ ọmọ yẹn nìkan ni mò ń wá. Tí a bá mọ orúkọ, a ó pè é nínú àdúrà, a ó wá ilé wọn lọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi rántí."

Ẹ̀bùnlọlá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilá ń fà lára ọ̀bẹ.

N kò gbọ́ ohunkóhun nínú ara mi. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ Sunday tí gáàsì bú gbàù ní Abúlé Adó, òrùlé wa gbọ̀n, gíláàsì fèrèsé já wálẹ̀, gbogbo ojúlé ń sá jáde, wọ́n ń pe Jésù. Ẹ̀kọ ni mò ń mu. Mo fi ṣíbí yọ gíláàsì kúrò nínú ẹ̀kọ náà, mo sì mu ún tán. Ẹ̀bùnlọlá sunkún nítorí ìyẹn ju ariwo ọ̀hún lọ. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní ẹ̀rù ni?" Mo ní ó wà níbì kan.

Mo sọ fún Árít pé kó jókòó dáadáa, kí n rántí. Irọ́ ni. Mi ò gbàgbé rí.

*

Ọdún 1961 ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní èbúté Kàlàbá, mú mi lọ síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Asúkwó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Bí a ti dé ẹnu ọ̀nà sítúdíò, tí wọ́n ní "Ọ̀gá rẹ nìyí," mo ṣe ohun tí ilé fi kọ́ mi. Mo sọ àpótí kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀.

Ọ̀gá Asúkwó figbe ta. Ó rò pé mo dákú. Lọ́dọ̀ tiwọn, ènìyàn kì í na tàntàn sílẹ̀ láti kí ènìyàn. Ẹni tí ó bá lọ sílẹ̀ báyẹn, àrùn ló gbé e. Ó kọjú sínú ilé, ó ń ké ní èdè wọn pé kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé omi wá kíá! Kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ṣàlàyé, wọ́n ti da odindi garawa lé mi lórí.

Ẹ̀fẹ̀ wa nìyẹn láti ọjọ́ náà. Láràárọ̀, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá." Òun á da tọ́wẹ́ẹ̀lì tí ó fi ń nu omi lára fọ́tò lé èjìká, á kígbe sínú ilé pé, "Ẹ gbé omi wá!" A ó sì rẹ́rìn-ín títí. Ọdún márùn-ún gbáko. A ò fo òwúrọ̀ kan.

Wọ́n bí Árít ṣojú mi. Èmi ni mo ń gbé e kọ́rùn lọ wo ọkọ̀ létí omi.

Iṣẹ́ tí ó ń bọ́ wa jù ni fọ́tò ìlú. Àwọn atukọ̀ ló ń rà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ Kàlàbá, láti ojú kámẹ́rà, láti òkè dé ọ̀gbun, ibi tí òòrùn ń gbà wọlé lówùúrọ̀ àti ibi tí òjìji ń sá sí lọ́sàn-án. Nígbà tí ìlú dàrú lọ́dún 1966, ìyá mi ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nílé. Ọ̀gá Asúkwó ka fọ́tò mẹ́sàn-án lé mi lọ́wọ́, ó dì wọ́n sínú aṣọ òróró. Ó ní, "Kí ìlú má baà sọnù lójú ẹ." Mo dọ̀bálẹ̀. Ó pe omi. Mo lọ.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ogun dé, mo wọ iṣẹ́ sójà l'Ékòó. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi ló ń wọ̀ ọ́.

*

Ọ̀rẹ́ mi nínú ogun ni Ọ̀jẹ̀túndé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìdílé eégún. Ẹnìkan ò lè sùn ní bárékè tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ènìyàn. Àjàgbé ni oríkì tèmi, orúkọ mi gan-an ni Olúgbóyèga, ṣùgbọ́n kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Á ní,

"Àjàgbé, ọmọ a-rí-ni-yọ̀,
Ọmọ a-kí-ni-má-kánjú,
Ẹni tó kánjú kí ọba
Ló gbàgbé adé lójú ọ̀nà."

Èmi náà á dá a padà fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n:

"Àkànjí, ọmọ Ọ̀jẹ̀,
Ọmọ a-faṣọ-bojú-rìnnà-má-ṣìnà,
Ọmọ a-gbénú-ẹ̀kú-rí-ọ̀tá-lókèèrè,
Ojú abẹ́ aṣọ kì í ṣi ènìyàn mọ̀."

Ọjọ́ kejì tí a ti wà lójú òkun, Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ tó jẹ́ olórí ọ̀wọ́ wa pe ìgbìmọ̀ ní yàrá oúnjẹ ọkọ̀. Ọkọ̀ ń mì, ife ń rìn lórí tábìlì fúnra wọn. Wọ́n tẹ́ máàpù kan tí ó ti gbó, tí kò sí ju odò àti orúkọ lọ lórí rẹ̀.

"Ta ló mọ Kàlàbá nínú yín?"

Ọ̀jẹ̀túndé gún mi ní ìgúnpá. "Sọ̀rọ̀ o! Ẹnu tí kì í sinmi ní bárékè, ṣé omi òkun ló dé e pa?"

Mo jáde síwájú. Mo tú aṣọ òróró, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to fọ́tò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí tábìlì, láti etí omi lọ sókè, bí ìlú ṣe tò gan-an. Àwọn ọ̀gá sún mọ́ ọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ di àwọn fọ́tò náà mú kí ọkọ̀ má baà mì wọ́n dànù.

"Etí omi nìyí, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀ láyé ọjọ́un. Ọjà nìyí. Ilé orí òkè tí ẹ ń wò yìí, pákó ni gbogbo ẹ̀. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti gé e, wọ́n dì í lẹ́rù wá, wọ́n wá kàn án pọ̀ lórí òkè bí ẹní kan àpótí. Ibẹ̀ ni aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé nígbà tí Kàlàbá ṣe olú-ìlú."

"Kàlàbá ṣe olú-ìlú rí?" ni ẹnìkan wí.

"Kó tó kan Èkó, sà."

Ọmọ Èkó kan, Túnjí, fọhùn láti ẹ̀yìn. "Irọ́! Kí ni Èkó wá jẹ́ nígbà náà, abúlé ẹja?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n máa bá a lọ.

"Àdúgbò tí wọ́n fi ọba Ìbìní sí nìyí, nígbà tí Òyìnbó mú un nígbèkùn. Ìlú yìí ló kú sí. Èyí ni ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí ni ibojì obìnrin Òyìnbó tí kò jẹ́ kí wọ́n pa ìbejì mọ́."

Ọ̀jẹ̀túndé ṣí fìlà. "Ẹ gbọ́ mi, sà. Ìdòwú ni mí, ìbejì ló ṣáájú mi délé ayé. Ẹ dákun, ẹ má ju àdó sí obìnrin yẹn lórí."

"Ìbọn ò ní kan ibojì," ni Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ wí. "Kò ní kan ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní kan ilé orí òkè. Ìlú la fẹ́ gbà, a kì í ṣe akólẹ̀-akódọ̀tí." Ó mú gègé pupa, ó ń fi í yí gbogbo ibi tí ọkọ̀ ogun ò gbọdọ̀ yìnbọn sí ká.

Ó ku fọ́tò kan tí mo fi ọwọ́ bò.

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Àdúgbò kan ni, sà. Kò sí nǹkan níbẹ̀." "Ọ̀gá mi ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́."

Ó wò mí pẹ́. "Jagunjagun kì í sin ọ̀gá méjì, Àjàgbé." Nígbà tí ó yá, ó fi gègé pupa yí àdúgbò náà ká. "Ṣùgbọ́n odò tó bá gbàgbé ìsun, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ìwọ ni wàá síwájú àwọn tó máa gba àdúgbò yẹn wọlé. Kí o rí i pé mi ò ṣàṣìṣe."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ka Sáàmù kọkànlélọ́gọ́fà láti òkè délẹ̀. Mo gbójú sókè sí òkè wọ̀n-ọn-nì. Mo rò pé mo ti gba ilé kan là.

Ọ̀jẹ̀túndé bá mi lórí pákó ọkọ̀. Ó fa ọ̀bẹ ẹnu ìbọn rẹ̀ yọ.

"Fahọ́n kàn án, ká jọ mulẹ̀."

"Ọmọ ìjọ ni mí, Àkànjí."

"Irin ò bi ẹnìkan ní ìjọ tó ń lọ."

"Èmi á fi Bíbélì búra, ìwọ fi irin búra. Ìbúra kan náà ni."

Ó gbà. Ó fi ahọ́n kan irin, ó ní, "Àjàgbé, bí o bá ṣubú, ẹni tó bì ọ́ ṣubú ò ní wà láàyè kí òjìji rẹ̀ tó sún. Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀ nílẹ̀, kí irin yìí jẹ mí." Èmi náà fi ọwọ́ lé Bíbélì, mo wí tèmi. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ nífẹ̀ẹ́ lè di àdá.

*

Ojú ti mọ́ kedere nígbà tí a gúnlẹ̀. Ìbọn dún nísàlẹ̀ odò fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹ iṣu tán, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó tún dún, ó dákẹ́. Mo rí òkú mẹ́ta nínú ẹrẹ̀. Mo rékọjá wọn. Ọkọ̀ ogun wa ń yìn lókè orí wa, kò sì yìn sí ibi tí gègé pupa wà. Ṣọ́ọ̀ṣì dúró. Ilé pákó orí òkè dúró. Bí fọ́tò mi ṣe tò wọ́n ni mo ṣe ń bá wọn lọ́nà, mo ń kà wọ́n, èkíní, èkejì, títí mo fi dé àdúgbò wa.

Ó pa rọ́rọ́. Mo wà níwájú nìkan. Ọ̀jẹ̀túndé àti Túnjí àti àwọn mẹ́fà mìíràn ń tẹ̀ lé mi ní ogójì ìṣísẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Pátákó sítúdíò ṣì wà níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì ṣí. Gíláàsì fèrèsé ò fọ́.

Mo pè é. "Ọ̀gá!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Asúkwó yọ. Inú yàrá òkùnkùn tí ó ti ń fọ fọ́tò ló ti ń bọ̀, bí ẹni pé kò sí ogun láyé. Tọ́wẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ó fojú wá mi lábẹ́ akoto. Ó mọ̀ mí.

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e fún ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. N kò ronú. Ẹsẹ̀ tó ti mọ ọ̀nà oko kì í bi ojú léèrè. Mo gbé ìbọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó kọjú sínú ilé, tí ó kígbe ní èdè wọn pé kí wọ́n gbé omi wá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìbọn. Ẹ̀yìn mi ni ó ti wá.

Ọwọ́ kan dà mí dojú sókè. Ọ̀jẹ̀túndé ni. Òógùn bò ó, ó ń tú bọ́tìnnì àyà mi. "Níbo ló ti bà ọ́? Àjàgbé! Níbo ló ti bà ọ́?"

"Mo ń kí i ni," ni mo wí.

"Kí lo sọ?"

"Ọ̀gá mi ni. Mo ń kí i ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnnì. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà sí mi. Túnjí ò tíì mọ nǹkan kan, igbe ni ó ń ké: "Wọ́n ti pa Àjàgbé! Wọ́n ti pa Àjàgbé o!" Fèrèsé àdúgbò ń ṣí níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì.

Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ọ̀jẹ̀túndé gbé mi kọ́ èjìká bí àpò gàrí, orí mi ń mì sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé mi kúrò níbẹ̀. Láti orí èjìká rẹ̀ ni mo ti rí ọmọdébìnrin kan tó yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife omi kan mú. Omi náà ń dà sí i lẹ́sẹ̀.

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbọn dún láti inú ilé kan, pé a pa ẹni tó yìn ín. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á fún Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ. Ó wò mí. Mo dákẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ki Ọ̀jẹ̀túndé, mo dé ibi "ojú abẹ́ aṣọ kì í ṣi ènìyàn mọ̀," ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Má kì mí bẹ́ẹ̀ mọ́." N kò kì í mọ́. Lóṣù kẹrin ọdún kejì, létí odò mìíràn, gbogbo wa dojú bolẹ̀, òun nìkan ló dúró ṣánṣán títí ọta fi bà á.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àna mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ wọn padà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mo ní ọta ogun wà ní eegun ẹ̀yìn mi. Ìyàwó mi gbà á gbọ́ títí ó fi kú. Ẹ̀bùnlọlá gbà á gbọ́.

*

Ẹ̀bùnlọlá ti gbé mọ́ọ̀tì tútù fún àlejò. Árít ò fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ẹ rántí orúkọ ẹ̀, sà?"

Orúkọ kan ti wà lẹ́nu mi. Ọ̀jẹ̀túndé. Ó ti kú, kò bímọ, ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tí yóò já mi nírọ́. Árít á kọ ọ́ sílẹ̀, á dúpẹ́, á máa lọ. Wọ́n á gbàdúrà fún un lọ́jọ́ Sátidé, kò sì sí ẹni tí ó nílò àdúrà jù ú lọ. Mo la ẹnu. Nígbà náà ni mo wo fọ́tò náà, mo rántí ohun tí Dennis fẹ́ gbẹ́ sábẹ́ orúkọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí. Olúwa, dárí ẹ̀jẹ̀ náà jì í. Òkúta kì í gbàgbé.

"Bàbá yín ò pa ẹnikẹ́ni," ni mo wí.

Ó mi orí. "Ẹ ṣeun, sà. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láti tù mí nínú. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Sójà náà wà nílẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ èjìká, apá ẹ̀ ń mì."

"Kò ṣubú."

"Mo rí i, sà!"

"Kí ni bàbá yín kígbe kí ìbọn tó dún?"

Ẹ̀bùnlọlá wò mí, ó wo Árít.

"Ó ní kí n gbé omi wá," ni Árít wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Màmá ní nígbà tó rí i pé òun ti pa ọmọ ọlọ́mọ, àánú ṣe é, ó fẹ́ fún un lómi mu. Ta ló sọ fún yín pé ó kígbe?"

"Ọmọ Yorùbá kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ sílé wọn kógun tó dé. Wọ́n ní ó máa ń gbé mi kọ́rùn. Mi ò rántí ojú ẹ̀."

"Árít," ni mo wí. N kò fi ẹ̀yin pè é mọ́. "Wò mí dáadáa."

Mo fi ọ̀pá ti ara mi dìde, mo gbé fọ́tò náà sórí àga. Mo gbé ọ̀pá náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi orúnkún kan lélẹ̀, mo fi èkejì lélẹ̀. Ẹ̀bùnlọlá pariwo, "Bàbá! Ẹ̀yìn yín! Bàbá, ọta ẹ̀yìn yín!" Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé kò sí ọta níbẹ̀, kò sí níbẹ̀ rí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbélẹ̀, mo rọra na ara mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kì í tètè délẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà tutù. Mo fi àyà kàn án gbalaja níwájú fọ́tò tí ó wà lórí àga.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

Àgbọ̀n mi wà nílẹ̀, bàtà Árít nìkan ni mo ń rí. Ewé máńgòrò ń dún níta. Ó pẹ́ tí bàtà náà ò kúrò lójú kan. Nígbà tí ó yá, mo gbọ́ ohùn kan lókè orí mi tí n kò lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Ó ń kí i," ni Árít ń wí. "Ó ń kí i ni. Màmá o, ó ń kí i ni."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí kíṣìnnì, ó kígbe ní èdè ilé wọn. Ẹ̀bùnlọlá ò gbọ́ èdè náà, ó dúró, ó ń wò. Árít sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Ẹ gbé omi wá!"

Ẹ̀bùnlọlá sáré gbé e wá. Mi ò tíì dìde. Mo rí bàtà Árít tó sún mọ́ mi, mo rí orúnkún tó kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú. Lọ́tẹ̀ yìí, omi náà ò dà.